Láti Lalala dé Òkè Àrẹ: Lẹ́ńsì gígùn ń fa ilé àwòṣífìlà sún mọ́ni, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lára rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú Libreville ṣe rí lójú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sí etí òkun nìkan. Etí òkun ni ìjọba orílẹ̀-èdè Gabon kó ẹwà ìlú náà sí. Ààfin Ààrẹ wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àti báǹkì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ó bá omi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wa takisí, àwọn tí ń ránṣọ, àwọn tí ń po sìmẹ́ńtì àti àwọn tí ń ta ẹja díndín, ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn sí, lórí àwọn òkè kéékèèké àti nínú àwọn kòtò tí ó wà láàárín wọn, níbi tí páànù ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun orí páànù ilé kejì.

Lalala jẹ́ ọ̀kan nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ó wà ní apá gúúsù àti ìlà-oòrùn sí àárín ìlú, nínú àgbègbè tí ìjọba Libreville ń pè ní ìkarùn-ún. Àwọn ará ibẹ̀ pín in sí méjì, Lalala apá ọ̀tún àti Lalala apá òsì, gẹ́gẹ́ bí títì ṣe là á kọjá. Bí ayàwòrán kan bá jí ní ìdájí, tí ó gun ibi tí ó ga díẹ̀ ní agbègbè yẹn, tí ó rí àyè láàárín òrùlé méjì, tí ó sì so lẹ́ńsì gígùn mọ́ kámẹ́rà rẹ̀, yóò rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ilé gogoro àárín ìlú, tí wọ́n dà bí igi ìṣáná lójú lásán, yóò dìde dúró gbàgede níwájú rẹ̀. Yóò lè ka fèrèsé wọn. Yóò rí abọ́ sátẹ́láìtì orí òrùlé, yóò rí ibi tí ọ̀dà ti ń bó lára ògiri, yóò sì dà bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé Lalala gan-an ni wọ́n kọ́ wọn sí.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, iṣẹ́ fífi lẹ́ńsì gígùn ya àwòrán ilé tí ó jìnnà. Àwọn kan lè rò pé eré ọwọ́ àwọn olówó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì ti bá a lọ rí.

Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Libreville. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa láti Nàìjíríà, láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò. Ẹni tí ó bá dé ọjà Mont-Bouët, tí í ṣe ọjà tí ó tóbi jù ní ìlú náà, yóò bá àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ojú wọn sì ti rí nǹkan. Ní ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun àgbàfọwọ́ṣe tí Bob Denard kó sòdí kọlu Cotonou. Ààrẹ Mathieu Kérékou ní Gabon mọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín òun àti Ààrẹ Omar Bongo. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1978, Bongo pàṣẹ kí àwọn ọmọ Benin kó ẹrù wọn jáde. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni wọ́n lé, àwọn tí wọ́n sì ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wà lára wọn. Ní ọdún 2001 ẹ̀wẹ̀, gbogbo ayé ń pariwo ọkọ̀ ojú omi Etireno, tí ó gbéra ní Cotonou tí ó forí lé Gabon, tí ìròyìn gbòde pé àwọn ọmọdé tí wọ́n fẹ́ lọ tà fún iṣẹ́ ẹrú wà nínú rẹ̀. Wọn kò gbà á láyè láti gúnlẹ̀ ní Libreville. Oṣù kẹrin ọdún náà ni ó padà sí Cotonou, wọ́n sì bá àwọn ọmọdé tí kò sí òbí pẹ̀lú wọn nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba èyí ni pé láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ Libreville. Ìlú epo rọ̀bì ni, ìlú olówó ni, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ tàn lọ nìyẹn. Irọ́ kọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni Gabon di ọmọ ẹgbẹ́ OPEC, nígbà tí owó epo ń ya wọlé bí omi òjò. Lóṣù keje ọdún 1977, wọ́n gba ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà lálejò ní Libreville, Bongo sì tìtorí ìpàdé náà náwó bí ẹni pé kò ní tán. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun, títì tuntun àti gbọ̀ngàn tuntun hù jáde. Àwọn ilé ìgbà náà wà lára ohun tí lẹ́ńsì gígùn ń fà sún mọ́ni láti ẹ̀yìn ìlú títí di òní. Bí ẹni bá wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ wọn, wọ́n ga. Bí ó bá wò wọ́n láti orí òkè tí páànù ìpẹtà wà níwájú wọn, ìtàn mìíràn ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí lẹ́ńsì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nípa rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ńsì 50 mìlímítà ni ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán wa àtijọ́ fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí ó ń rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn ń rí bí ó bá tẹjú mọ́ ọ̀kánkán. Bí a bá gbé 500 mìlímítà sípò rẹ̀, ohun gbogbo yóò tóbi ní ìlọ́po 10, ṣùgbọ́n ibi tí a ó rí yóò tín-ín-rín gan-an. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ so ìka mẹ́ta àárín pọ̀, kí ẹ dijú kan. Ibi tí ìka mẹ́ta yẹn bò lójú yín ni gbogbo ayé tí lẹ́ńsì 500 mọ̀. Ohun tí ó kù, ì báà jẹ́ igi, ọjà tàbí ènìyàn, kò sí nínú àwòrán.

Ohun kejì ni ti fífún tí ilé máa ń fún mọ́ ara wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé lẹ́ńsì gígùn ló ń fún wọn pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ibi tí ayàwòrán dúró sí ló ń ṣe é. Ẹ gbà pé ilé gogoro méjì tí gíga wọn dọ́gba wà ní ìlú kan, ọ̀kan jìnnà sí wa ní kìlómítà 4, èkejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kìlómítà 5. Láti ibi tí a wà, èkejì yóò ga tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti àkọ́kọ́. Ojú kò ní tètè mọ̀ pé odidi kìlómítà kan ló wà láàárín wọn. Wàyí o, kí ẹnì kan rìn títí yóò fi ku 100 mítà kí ó dé ilé àkọ́kọ́. Èkejì ṣì wà ní 1,100 mítà sí i, nítorí náà yóò kéré sí àkọ́kọ́ ní ìlọ́po 11. Ilé kan náà ni, ẹsẹ̀ ló rìn. Bí a bá fi lẹ́ńsì kékeré ya àwòrán láti ọ̀nà jíjìn, tí a wá gé àárín rẹ̀ jáde tí a sọ ọ́ di ńlá, bí àwọn ilé náà ṣe máa fún pọ̀ kò ní yàtọ̀. Iṣẹ́ lẹ́ńsì gígùn kò ju pé ó bá wa gé àárín náà jáde, tí àwòrán sì mọ́ kedere.

Àǹfààní kan wà nínú èyí tí àwọn ayàwòrán ilé fẹ́ràn púpọ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹsẹ̀ ilé gogoro, tí ó gbé ojú kámẹ́rà sókè, ilé náà yóò máa fẹ̀yìn lọ bí ọ̀mùtí tí ó fẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n láti ọ̀nà jíjìn, lórí òkè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àárín ilé náà dọ́gba, kámẹ́rà kò ní nílò láti wòkè. Ògiri yóò dúró ṣánṣán bí ẹni tí ó kọ́ ọ ṣe fà á sórí ìwé.

Ìṣẹ̀dá yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1891, Thomas Dallmeyer ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adolf Miethe ní Jámánì àti Steinheil, ọmọ Jámánì bákan náà, gbé irú lẹ́ńsì yìí jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn jí ti ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi í sọ ìlú di ohun mìíràn lójú ayé ni Andreas Feininger. Iṣẹ́ ilé yíyà ni ó kọ́ ní Jámánì kí ó tó di ayàwòrán. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kámẹ́rà tí ó lè gba lẹ́ńsì gígùn bí apá ènìyàn, ó kọjá sí òdìkejì odò Hudson ní New Jersey, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń ya New York. Nínú àwòrán rẹ̀, àwọn ilé ńlá New York dúró bí ògiri kan ṣoṣo lẹ́yìn omi, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì kéré níwájú wọn bí ohun ìṣeré. Láti ọdún 1943 títí di 1962 ni ó fi ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn LIFE.

Ohun tí Feininger kò bá pàdé ní New York, ẹni tí ó bá wà ní Lalala yóò bá a pàdé lójoojúmọ́. Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Òjò ibẹ̀ pọ̀, ọ̀rinrin ibẹ̀ kò kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá fi lẹ́ńsì gígùn wo ilé tí ó wà ní kìlómítà 5, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín ni a ń wò mọ́ ọn, àti ọ̀rinrin, àti èéfín ọkọ̀, àti èéfín ìdáná. Àwọ̀ yóò ṣá, dúdú yóò di eérú. Ọ̀tá tí ó burú jù ni ooru. Ẹ ti rí bí ọ̀dà títì ṣe máa ń dà bí ẹni pé omi ń gbọ̀n lórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n lórí páànù Lalala bí oòrùn bá ti mú. Lẹ́ńsì tí owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè wo ìwòsàn fún un. Fèrèsé yóò máa wọ́ bí ẹni pé inú omi ni ilé náà wà.

Nítorí náà, ìdájí ni iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí ó dára jù ni òwúrọ̀ tí òjò fi òru rọ̀ mọ́jú, nígbà tí òjò ti fọ èérí kúrò nínú afẹ́fẹ́, tí ilẹ̀ kò sì tíì gbóná. Ní Lalala, ẹ̀yìn ayàwòrán ni oòrùn yóò ti yọ, nítorí àárín ìlú wà ní ìwọ̀-oòrùn sí i. Ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí ojú àwọn ilé náà tààrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, oòrùn yóò lọ wọ̀ sẹ́yìn wọn lápá ibi tí omi wà, wọn yóò sì di òjìji dúdú lójú ọ̀run pupa. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án ni ọ̀gbẹlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ má ṣe rò pé ojú ọ̀run yóò mọ́ lásìkò náà. Ìkùukùu ló máa ń bo ibẹ̀, àwòrán kì í sì ní òjìji. Tiwa níhìn-ín ni ọyẹ́. Láti oṣù Disẹ́ńbà dé Fẹ́búárì, eruku aṣálẹ̀ yóò dé, ẹni tí ó bá wà ní Mapo kò ní rí Dùgbẹ̀ dáadáa, áńbọ̀sìbọ́sí kí ó yà á.

Nǹkan bá kò tán síbẹ̀. Lẹ́ńsì tí ó ń sọ ilé di ńlá ní ìlọ́po 10 ń sọ ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ di ńlá ní ìlọ́po 10 bákan náà. Òfin àwọn àgbà oníṣẹ́ ni pé bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 500, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ lajú ju ìdá kan nínú 500 ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ bí a bá fi ọwọ́ lásán gbé e. Ní ìdájí tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì pọ̀, èyí kì í ṣe é ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní i, kí ó gbé kámẹ́rà lé àpò kékeré tí ó rọ yanrìn tàbí ẹ̀wà sí, lórí ògiri tí kò mì. Kí ó má ṣe gbára lé irin ìdúró lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nítorí ilé náà ń gbọ̀n, lẹ́ńsì yóò sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀rinrin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan tún ní iṣẹ́ ibi mìíràn tí ó ń ṣe. Bí a bá ti lẹ́ńsì mọ́ inú àpò dúdú fún oṣù mélòó kan, ohun funfun kan yóò hù sínú dígí rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ kì í sì í padà sípò bọ̀rọ̀. Àwọn àpò tín-ín-tìn-tín tí ń fa omi, irú èyí tí wọ́n máa ń jù sínú páálí bàtà tuntun, ẹ má dà wọ́n nù mọ́. Ẹ kó wọn sínú àpò kámẹ́rà yín.

Ti owó ńkọ́? Láyé fíìmù, ẹni tí kò lówó máa ń ra lẹ́ńsì onídígíìwò 500 mìlímítà, tí ó kúrú tí ó sì fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà kò pọ̀. Lónìí, ayé ti yí. Ní ọdún 2018, Nikon gbé kámẹ́rà kan jáde, P1000, tí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú lẹ́ńsì 3,000 mìlímítà. Ó ń fa òṣùpá gan-an wá sílé. Àwọn fóònù olówó ńlá náà ti ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n kò mọ̀ bóyá fóònù ni tàbí lẹ́ńsì olówó iyebíye.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ewu. Ní Gabon, àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn tí ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dojú kámẹ́rà kọ ààfin Ààrẹ, àgọ́ ọmọ ogun àti ilé iṣẹ́ ìjọba. Àwa náà ní tiwa nílé. Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 ní Nàìjíríà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ya àwòrán ibi tí ìjọba bá pè ní ibi ààbò láìgba àṣẹ. Lẹ́ńsì kékeré, ènìyàn lè sọ pé òun ń ya ìyàwó òun. Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó gbé ohun tí ó gùn bí ìbọn dání, tí ó gun orí òkè ní ìdájí, tí ó sì dojú rẹ̀ kọ àárín ìlú? Amí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2007, ní ìlú Baghdad ní ilẹ̀ Iraq, Namir Noor-Eldeen, ayàwòrán ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, yọjú níbi kọ̀rọ̀ ògiri pẹ̀lú kámẹ́rà tí lẹ́ńsì gígùn wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà lójú òfurufú nínú hẹlikọ́pítà. Wọ́n ní ohun ìjà tí ń yin àdó olóró ni ó gbé lọ́wọ́. Wọ́n yìnbọn. Namir kú, Saeed Chmagh tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú, àwọn mìíràn sì bá wọn lọ. Ní ọdún 2010 ni WikiLeaks gbé fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà jáde tí gbogbo ayé fi rí i.

Libreville kò sì ṣàìrí ọjọ́ ìdàrúdàpọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí wọ́n kéde pé Ali Bongo, ọmọ Omar Bongo, ló tún wọlé, àwọn afẹ̀hónúhàn sọ iná sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, àwọn ṣọ́jà kan gba ilé iṣẹ́ rédíò fún wákàtí díẹ̀ kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ọ̀gágun Brice Oligui Nguema gba ìjọba, ìṣàkóso ìdílé Bongo tí ó ti wà láti ọdún 1967 sì dópin. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá gbé lẹ́ńsì gígùn jáde ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Kí wá ló dé tí àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe é? Ẹ wo ilé ìgbìmọ̀ tí iná jó yẹn. Ẹ wo ilé Ilójò ní Tinúbú, l'Ékòó, tí àwọn àgùdà ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àwòrán ló kù. Ẹ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ìlú Ìbàdàn. Alájà 26 ni, ó ga ní mítà 105, owó àgbẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ parí ní ọdún 1965. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, iná sọ nínú rẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Ẹni tí ó bá ti ya á ṣáájú iná, tí ó tún ya á lẹ́yìn iná láti ojú kan náà, ìwé ìtàn ló ní lọ́wọ́.

Ní ti Ilé Kòkó, èmi ò mọ ibi tí a tún lè dúró wò ó tí ó ju orí Òkè Àrẹ lọ. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n fi sọrí Captain Bower, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, wà níbẹ̀. Lẹ́ńsì 300 tó láti ibẹ̀. Ilé Kòkó yóò dìde láàárín òkun páànù ìpẹtà bí ọ̀pẹ láàárín pápá. Kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tí yóò rí àwòrán náà tí kò ní kí orílẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n páànù ìpẹtà yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà. Àwòrán kan wà tí àwọn àlejò fẹ́ràn láti máa yà l'Ékòó: ilé pákó Mákòókó lórí omi níwájú, ilé gogoro Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Victoria Island lẹ́yìn. Lẹ́ńsì gígùn ló ń so wọ́n pọ̀ bí ìbejì. Nínú àwòrán, ó dà bí ẹni pé olówó lè da omi ìfọwọ́ sórí òtòṣì. Ojú omi gbalasa ló sì wà láàárín wọn. Ṣé irọ́ nìyẹn? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé irọ́ ni. Èmi kò gbà. Ènìyàn Mákòókó ń rí ilé wọ̀nyẹn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ẹni tí ó sì wà nínú ilé wọ̀nyẹn kò fẹ́ rí Mákòókó. Bí lẹ́ńsì bá fà wọ́n sún mọ́ra, ojú ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ló yá lò. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ayàwòrán kì í dé Mákòókó. Orí afárá ló ti yà á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ní ojú nínú àwòrán náà, wọn kò sì ní orúkọ. Òrùlé lásán ni wọ́n. Lalala náà lè bọ́ sínú kòtò kan náà, kí ó di páànù tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé epo rọ̀bì.

Àwọn ayàwòrán kan wà tí wọ́n kọ ọ̀nà yìí pátápátá. Akinbode Akinbiyi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford ní ọdún 1946 tí ó fi Berlin ṣe ilé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn kiri Èkó àti àwọn ìlú mìíràn, kámẹ́rà àtijọ́ tí a ń wò láti òkè ni ó gbé kọ́ àyà, kò sí lẹ́ńsì tí ń fa nǹkan sún mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí nǹkan tóbi, yóò rìn lọ bá a. Guy Tillim, ọmọ South Africa, ya títì àwọn olú-ìlú Áfíríkà, Libreville sì wà lára wọn, nínú iṣẹ́ tí ó pè ní Museum of the Revolution. Òun náà, ojú títì ni ó dúró sí, ní ìwọ̀n tí ojú ènìyàn fi ń ríran. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró ní ojú títì kò lè rí bí ìlú ṣe to ara rẹ̀ léra, bí àdúgbò kan ṣe jókòó sí ẹ̀yìn òmíràn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Libreville bá fẹ́ dán an wò, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni òkè tí ó fẹ́ gùn, pàápàá ẹni tí ó ni ilé tí yóò gun orí rẹ̀. Kí ó ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò, kí ó fi ohun tí ó wà nínú lẹ́ńsì hàn wọ́n. Ọmọdé tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní pè é ní amí mọ́, bàbá ọmọ náà sì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ bí ọlọ́pàá bá dé. Kí ojú kámẹ́rà jìnnà sí ààfin àti bárékè. Bí ó bá yá, kí ó yí i padà, kí ó ya àdúgbò tí ó dúró sí gan-an, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún un.

Kí ó sì yára. Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá lù, ìmọ́lẹ̀ ti wà lára ògiri. Títí di aago mẹ́jọ, ilé yóò dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, páànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, àwọn ilé gogoro ọ̀hún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú lẹ́ńsì, fèrèsé tí ó ń kà tẹ́lẹ̀ yóò yọ́ wọnú ara wọn. Ìgbà yẹn ni kí ó ká ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wá oúnjẹ òwúrọ̀.